Orin Àwẹ̀ró Tí Ìrẹ̀ Sọ Lórúkọ Mẹ́ta

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ààlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó fò pìrì, ó bà lé Ìrẹ̀ onígòjé lórí, ó sì bà lé orin ọmọ ọlọ́mọ kan. Ẹ jókòó dáadáa. Ẹni tí oorun bá ń kùn, kí ó lọ sùn. Ẹni tí yóò gbọ́, kí ó gbọ́ ọ dé òpin, nítorí ìparí àlọ́ yìí ni ìtìjú rẹ̀ wà.

Ní ayé àtijọ́, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko ṣì ń kí ara wọn lójú ọ̀nà, bàbá kan wà ní abúlé kan létí odò. Kúforíjì ni orúkọ rẹ̀. Gòjé ni iṣẹ́ rẹ̀. Igbá ni ara gòjé, awọ ni wọ́n fi bo ojú rẹ̀, irun ìrù ẹṣin ni okùn rẹ̀. Igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó tẹ̀ bí ọrun ni wọ́n fi ń fà á, tí ó fi ń ké wìn-ìn-ìn, wìn-ìn-ìn, bí ẹni tí ń sunkún tí kò fẹ́ kí ará ilé gbọ́.

Bàbá Kúforíjì bí ọmọbìnrin kan ṣoṣo. Ìyá ọmọ náà kú ní ọjọ́ tí ó bí i. Àwẹ̀ró ni bàbá ń pè é. Ní ìrọ̀lẹ́, bí Àwẹ̀ró bá wà níbi eré tí kò fẹ́ wálé, bàbá a gbé gòjé sí àyà, a fa orin kan tí ó ṣe fún un. Àwẹ̀ró, Wá Wọlé ni orúkọ orin náà. Bí ọmọ bá ti gbọ́ ọ, a sáré wálé, gìdìgìdì. Ẹ gbè é fún mi:

Àwẹ̀ró o, ilé dà?
*Wá wọlé, ọmọ tèmi, wá wọlé.*
Bàbá rẹ kò tìlẹ̀kùn.
*Wá wọlé, ọmọ tèmi, wá wọlé.*
Iná kò kú nínú ààrò.
*Wá wọlé, ọmọ tèmi, wá wọlé.*

Nígbà tí Àwẹ̀ró pé ọmọ ọdún márùn-ún, odò kún. Ó ya wọ abúlé, gbì-ì-ì. Ó gbé ilé, ó gbé ewúrẹ́, ó gbé Àwẹ̀ró pẹ̀lú igbá ńlá tí ó sùn sí. Wọ́n wá a títí. Wọn kò rí òkú, wọn kò rí ààyè. Bàbá ní, "Èmi kò rí òkú ọmọ mi, nítorí náà ọmọ mi kò kú." Láti ọjọ́ náà ni kò ti ti ìlẹ̀kùn rẹ̀ mọ́, òjò ìbáà rọ̀, ọyẹ́ ìbáà mú.

Ìrẹ̀ wà nínú ilé náà. Ẹ̀gbẹ́ ààrò ni wọ́n bí i sí. Bàbá fi èèpo ẹ̀kùrọ́ ṣe gòjé kékeré fún un, ó fi ẹyọ irun ẹṣin kan ṣoṣo ta okùn rẹ̀, ó sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ bí ẹni kọ́ ọmọ bíbí inú rẹ̀. Ìrẹ̀ mọ̀ ọ́n fà. Ẹni tí ó bá gbọ́ ọ lẹ́yìn ògiri a rò pé bàbá fúnra rẹ̀ ni.

Ọdún mẹ́wàá kọjá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, bàbá pè é.

"Ìrẹ̀."

"Bàbá."

"Ìka mélòó ni mo nà yìí?"

"Mẹ́ta ni, bàbá."

"Mo mọ̀ pé mẹ́ta ni, èmi ni mo nà án. Ṣùgbọ́n bí ẹni pé kùrukùru bò wọ́n ni mo ṣe ń rí wọn. Ojú mi ń lọ díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá lọ tán, Àwẹ̀ró ìbáà dúró síwájú mi, n kò ní í mọ bí ó ṣe rí. Mo fẹ́ rí ojú ọmọ mi kí ilẹ̀ ojú mi tó ṣú. Ẹsẹ̀ mi kò sì gbé mi mọ́. Ìwọ ni yóò lọ."

"Bàbá, báwo ni n ó ṣe mọ̀ ọ́n? Mi ò rí i rí."

"Àwọn tí ó yọ ọ́ nínú omi lè ti sọ ọ́ ní orúkọ mìíràn. Ó lè ti gbàgbé ojú mi. Kò lè gbàgbé orin yìí. Fà á ní gbogbo ìlú, kí o sì pe orúkọ rẹ̀. Ẹni tí ó bá dìde, òun ni. Má fi kún un, má yọ nínú rẹ̀."

Ìrẹ̀ fọwọ́ kan ilẹ̀, ó fi kan ètè, ó búra. Ó gbé gòjé rẹ̀ kọ́ èjìká, ó lọ.

Ẹ gbọ́ àṣà ìgbà náà kí ọ̀rọ̀ tó yé yín. Orin kọ̀ọ̀kan ní ẹni tí ó ni ín. Onígòjé a kọ́kọ́ fa ìbẹ̀rẹ̀ orin, a dúró, a pe orúkọ orin náà ní ẹ̀ẹ̀mẹta. Ẹni tí ó ni orin a dìde, a jó, a sì fún onígòjé ní ẹ̀bùn. Bí ẹlòmíràn bá dìde sí orin olórin, gbogbo àwùjọ a hó lé e lórí, yóò sì jẹ ìtìjú náà lọ sílé.

Ìrẹ̀ dé ìlú kan, ó fà á, ó pe orúkọ rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó dìde. Ó dé ìlú kejì, kò sí ẹni tí ó dìde. Ó dé ìlú kẹta, ọkùnrin kan ní, "Onígòjé, bí o bá rí Àwẹ̀ró rẹ, òun ni kí ó fún ọ lóúnjẹ. Àwa kò ní i níbí." Kò sí ẹni tí ó ni orin, kò sí ẹ̀bùn. Ebi pa Ìrẹ̀ títí ikùn rẹ̀ fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn.

Báyìí ni ó ṣe dé ìlú Ẹfọ̀n. Ẹfọ̀n ni Balógun ibẹ̀. Gbogbo ayé ni ó mọ̀ pé ní ọjọ́ tí àwọn ọdẹ ya wọ̀lú, Ẹfọ̀n ni ó kọ́kọ́ sá, tí ó sì tẹ ìyá àgbà kan mọ́lẹ̀ lẹ́nu ibodè. Ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́ níwájú ìwo rẹ̀?

Ẹfọ̀n gbọ́ orin náà. Ó ní, "Ta ni ó ń jẹ́ Àwẹ̀ró?"

"Ọmọ ọ̀gá mi ni, Balógun. Ó sọnù."

"O wá ń fi irú orin báyìí pe ẹni tí kò sí nílé? Orin akọni ni eléyìí. Pè é ní Ẹfọ̀n Kò Sá Rí. Kí o tó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, iyán á ti dé iwájú rẹ."

Ìrẹ̀ wo ilé ìdáná. Ó ń gbọ́ ìró odó, kì, kì, kì. Ó sọ nínú ara rẹ̀ pé, "Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni. Ta ni yóò sọ fún bàbá?" Ó bojú wẹ̀yìn lẹ́ẹ̀kan, ó sì fa gòjé, wìn-ìn-ìn:

Ẹfọ̀n o, ogun dà?
*Kò sá rí, Balógun wa, kò sá rí.*

Ẹfọ̀n dìde, ó jó, eruku sọ. Ìrẹ̀ jẹ iyán yó.

Ó di ọdún kejì, ó dé ìlú Òbúkọ. Olówó ni Òbúkọ. Bí ó bá ń bọ̀, wọ́n a kí i. Bí ó bá kọjá tán, wọ́n a di imú.

Òbúkọ pe Ìrẹ̀ mọ́ra pẹ́kípẹ́kí. Ó ní, "Onígòjé, àwọn ọ̀tá mi ń sọ pé mo ń rùn. Ìwọ tí o wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi yìí, ṣé mo ń rùn?"

"Ẹ̀yin kẹ̀, bàbá? Rárá o," ni Ìrẹ̀ wí. Ẹnu ni ó fi ń mí.

"Mo mọ̀. Orin tí o fà fún Ẹfọ̀n yẹn, sọ ọ́ di tèmi. Pè é ní Olóòórùn Dídùn. Fìlà àrán kan wà nínú àpótí mi tí ó tó orí rẹ gẹ́lẹ́."

Lọ́tẹ̀ yìí Ìrẹ̀ kò bojú wẹ̀yìn. Ó fa gòjé, wìn-ìn-ìn:

Òbúkọ o, òórùn dà?
*Ó ń ta sánsán, bàbá wa, ó ń ta sánsán.*

Àwọn ènìyàn gbè é, wọ́n ń fi etí aṣọ bo imú. Ìrẹ̀ dé fìlà àrán.

Ẹ̀yin ọmọ, irọ́ àkọ́kọ́ a máa wúwo. Èkejì kì í wúwo tó o. Ẹni tí ó bá pa ìkẹta kì í mọ̀ mọ́ pé òun ru nǹkan lórí.

Ó di ọdún kẹta, ó dé ìlú Ọ̀nì létí ibú. Ọ̀nì ni baálẹ̀ ibẹ̀. Bí ó bá jókòó sí gbangba, ọmọ-ọ̀dọ̀ kan a kúnlẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀, a máa bu omi sí i lẹ́yìn kí ara rẹ̀ má baà gbẹ. Ọmọ-Omi ni wọ́n ń pe ọmọ-ọ̀dọ̀ náà, nítorí nínú igbá, lójú omi, ni wọ́n ti yọ ọ́ ní kékeré.

Ọ̀nì ní, "Àwọn tí ń pọn omi ń bà mí lórúkọ jẹ́, Ìrẹ̀. Bí wọ́n bá ti rí ẹsẹ̀ kan níbí, apá kan lọ́hùn-ún, wọ́n á ní èmi ni."

"Ẹnu ayé ni, Baálẹ̀."

"O gbọ́n. Fa orin tí o fà fún Òbúkọ yẹn fún mi. Aláàánú Odò ni kí o pè é." Ó sì fi aṣọ ètù lé Ìrẹ̀ léjìká kí ó tó fà á rárá.

Ìrẹ̀ jókòó láàrin ọjà. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó fa ìbẹ̀rẹ̀ orin, wìn-ìn-ìn.

Igbá jábọ́, gbàà.

Ìrẹ̀ gbójú sókè. Ọmọ-Omi ni. Omi dà sí i lẹ́sẹ̀, kò wò ó. Ó ti dìde, ó ti rìn ìṣísẹ̀ méjì síwájú, bí ọmọ tí wọ́n pè láti ibi eré. Ó fi orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, bí Bàbá Kúforíjì ti í ṣe bí ó bá ń gbọ́ orin. Ètè rẹ̀ ń sọ ègbè náà kí ẹnikẹ́ni tó gbè é. Ó dúró, ó ń retí kí wọ́n pe orúkọ.

Ìrẹ̀ mọ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé kò mọ̀. Orúkọ náà ti dé orí ahọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n aṣọ ètù wà léjìká rẹ̀, ojú Ọ̀nì sì wà lára rẹ̀. Ó la ẹnu, ó ní, "Aláàánú Odò. Aláàánú Odò. Aláàánú Odò."

Ọ̀nì dìde láti jó. Àwùjọ hó lé ọmọbìnrin náà lórí, yé-è-è. "Ẹ wo ẹrú tí ó fẹ́ gba orin mọ́ olówó rẹ̀ lọ́wọ́!" "Ọmọ-Omi, ìwọ náà ń ṣàánú ni?" Ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. Ó jókòó, ó ń ṣa àfọ́kù igbá. Ìrẹ̀ tẹ orí mọ́ gòjé, ó ń fà á lọ.

Ó sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ó lè má jẹ́ òun." Ó ní òun yóò padà lọ wádìí ní ọ̀la. Ọ̀la dé, kò lọ. Ó ní ó di oṣù tó ń bọ̀. Oṣù dé, kò lọ. Kò lè padà sí ilé bàbá, nítorí kí ni yóò wí? Ó ń jẹ, ó ń mu, ó ń sanra. Ṣùgbọ́n ìgbàkígbà tí ó bá fa gòjé, á gbọ́ gbàà yẹn nínú etí rẹ̀. Ọdún mẹ́rin ni ó ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí Ọba Erin pé ọgbọ̀n ọdún lórí oyè, ó pe gbogbo ìlú jọ, ó sì ránṣẹ́ sí Ìrẹ̀. Ìrẹ̀ dé fìlà àrán, ó ró aṣọ ètù. Bí ó ti dé ẹ̀yìn àgbàlá, Ẹfọ̀n rọra sún mọ́ ọn. "Tèmi ni o kọ́kọ́ fà o." Ìrẹ̀ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Balógun." Òbúkọ dé, òórùn rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ dé. "Tèmi ni o kọ́kọ́ fà o." Ìrẹ̀ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, bàbá." Ọ̀nì wọ́ dé. "Tèmi ni o kọ́kọ́ fà o." Ìrẹ̀ ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Baálẹ̀."

Ó wá jókòó níwájú ọba. Ó wá orin mìíràn nínú orí rẹ̀. Bàbá kọ́ ọ ní ogún orin, gbogbo rẹ̀ ti lọ, nítorí èyí tí ó ń mú ẹ̀bùn wá nìkan ni ó ń fà láti ọjọ́ yìí. Ọwọ́ rẹ̀ lọ sí ibi tí ó mọ̀. Wìn-ìn-ìn.

Ẹfọ̀n dìde. Òbúkọ dìde. Ọ̀nì dìde.

"Òbúkọ, jókòó," ni Ẹfọ̀n wí. "Orin mi ni."

"Orin ta? Èmi ni mo ni ín láti ọdún márùn-ún sẹ́yìn. Òórùn mi ni ó ń sọ."

"Kò sí ẹni tí ó nílò orin kí ó tó mọ̀ nípa òórùn rẹ," ni Ẹfọ̀n wí.

Ọ̀nì ní, "Ẹ̀yin méjèèjì, ẹ má jẹ́ kí n bínú. Orin àánú mi ni."

Àgùntàn àgbà kan wà lẹ́yìn. Ó ní, "Ẹni tí kò sá rí, ẹni tí kò rùn rí, ẹni tí kò pa ẹnikẹ́ni jẹ rí. Orin kan, irọ́ mẹ́ta. Onígòjé yìí mà ṣiṣẹ́ o."

Gbogbo àgbàlá bú sẹ́rìn-ín, kèé-kèé-kèé. Àwọn olóyè mẹ́ta dúró gbagidi, wọn kò lè jó, wọn kò lè jókòó. Ìrẹ̀ ń wo ilẹ̀ bóyá yóò là kí òun wọ̀ ọ́.

Ọba Erin gbé ọwọ́jà rẹ̀ sókè. Àgbàlá pa lọ́lọ́. "Ìrẹ̀, orin ta ni?"

Ìrẹ̀ gbójú sókè. Ó rí Ọmọ-Omi lẹ́yìn Ọ̀nì, ó ń bu omi. Kò dìde. Kò tilẹ̀ wo ẹni tí ń fa gòjé. Wọ́n ti kọ́ ọ pé kì í ṣe orin tirẹ̀.

Ìrẹ̀ ṣí fìlà àrán, ó fi sílẹ̀. Ó tú aṣọ ètù, ó fi sílẹ̀. Ó ní, "Kábíyèsí, kò sí èyí tí ó ni ín nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èmi ni mo purọ́. Orúkọ orin náà ni Àwẹ̀ró, Wá Wọlé."

Ó pè é lẹ́ẹ̀kan, ọmọbìnrin náà ń bu omi. Ó pè é lẹ́ẹ̀kejì, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó pè é lẹ́ẹ̀kẹta, ó wò yíká bóyá wọn yóò hó lé òun. Kò dìde síbẹ̀.

Ìrẹ̀ bá ń dá orin. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má gbè é. Ẹ dákẹ́. Kò sí ẹni tí ó mọ ègbè rẹ̀ ní àgbàlá náà.

Àwẹ̀ró o, ilé dà?

Kẹ́kẹ́ pa.

Bàbá rẹ kò tìlẹ̀kùn.

Kò sí ohùn.

Iná kò kú nínú ààrò.

Nígbà náà ni ohùn kan ti ẹ̀yìn Ọ̀nì jáde, tẹ́ẹ́rẹ́, bí ohùn ọmọ ọdún márùn-ún: *Wá wọlé, ọmọ tèmi, wá wọlé.* Ó gbé igbá sílẹ̀ jẹ́jẹ́. Ó dìde. Kò sí ẹni tí ó hó.

Ọ̀nì ní, "Kábíyèsí, ẹrú mi ni." Erin ní, "Omi ni ó gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ. O kò rà á, o kò bí i. Jẹ́ kí ó lọ."

Ọjọ́ mẹ́ta ni wọ́n fi rìn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Àwẹ̀ró bá Ìrẹ̀ sọ lójú ọ̀nà.

"Ẹ̀yin ni ẹ wá lọ́dún yẹn, àbí?"

"Èmi ni."

"Ẹ rí mi."

"Mo rí ọ."

Kò bi í ní nǹkan mìíràn mọ́. Ìrẹ̀ ìbá fẹ́ kí ó bú òun.

Wọ́n dé abúlé ní ìrọ̀lẹ́. Ìlẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Bàbá Kúforíjì jókòó síbẹ̀, ó kọjú sí ọ̀nà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ funfun bí inú àgbọn. Ìrẹ̀ fa gòjé díẹ̀, bàbá sì gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Àwẹ̀ró gbè é. Bàbá na ọwọ́. Ó fọwọ́ wá orí rẹ̀ lọ sísàlẹ̀, níbi tí orí ọmọ ọdún márùn-ún ì bá wà. Ikùn ni ọwọ́ rẹ̀ bà.

"Àwẹ̀ró," ni ó wí, "o mà ti ga o."

Omi bọ́ lójú bàbá. Ó yíjú síbi tí ó ti ń gbọ́ Ìrẹ̀. "Ìrẹ̀, ọmọ mi. Ọdún méje gbáko ni o fi wá a, o kò jẹ́ kí ó sú ọ. Ẹni tí ó bí irú rẹ kò ṣòfò. Bí ojú mi kò tilẹ̀ dúró dè ọ́, kì í ṣe ẹ̀bi rẹ. Wá jókòó síbi ààrò, kí wọ́n fún ọ ní oúnjẹ ṣáájú mi."

Àwẹ̀ró wo Ìrẹ̀. Kò fẹjọ́ rẹ̀ sùn. Yàtọ̀ sí àwọn méjèèjì, kò sí ẹni tí ó mọ ohun tí ó ṣẹlẹ̀ ní ọjà Ọ̀nì. Bí Ìrẹ̀ bá jókòó síbi ààrò, ó parí.

Ìrẹ̀ kò jókòó. Ó dọ̀bálẹ̀. "Bàbá, ẹ má yìn mí. Mo ti rí i rí. Ó dìde, mo sì pe orúkọ ẹlòmíràn, nítorí aṣọ."

Bàbá ní, "Ìgbà wo ni?"

"Ọdún mẹ́rin sẹ́yìn."

"Ọdún mẹ́rin." Bàbá ń ka ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. "Ní ọdún mẹ́rin sẹ́yìn, mo ṣì ń mọ àkùkọ yàtọ̀ sí àgbébọ̀ láti ẹnu ọ̀nà yìí. Ọdún tí ó tẹ̀lé e ni ojú mi kú."

Kò ṣépè. Kò pariwo. Ó kàn yí kúrò lọ́dọ̀ Ìrẹ̀, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú. Ó ní, "Àwẹ̀ró, sọ fún mi. Báwo ni o ṣe rí?"

Àwẹ̀ró ní, "Wọ́n ní mo dúdú, bàbá."

"Dúdú bíi ti ìyá rẹ?"

"N kò mọ ìyá mi, bàbá."

Ẹni tí ó mọ ojú ìyá náà kò ríran mọ́. Ẹni tí ó ríran kò mọ̀ ọ́n.

Ìrẹ̀ fi ẹ̀yìn rìn jáde. Kò lè kọjá ní ẹ̀gbẹ́ ààrò tí wọ́n bí i sí. Ó dé ẹsẹ̀ ògiri, ó gbẹ́ ihò, ó wọ inú rẹ̀ lọ pẹ̀lú gòjé èèpo ẹ̀kùrọ́ rẹ̀.

Ibẹ̀ ni ó wà títí di òní. Orin kan náà ni ó ń fà ní ìrọ̀lẹ́, kì í yí i padà mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rọra lọ síbi ihò rẹ̀, ẹ ó rí i: bí ó bá ti gbọ́ ẹsẹ̀ yín, yóò dákẹ́ rọ́rọ́. Ó ń bẹ̀rù kí ẹ má baà bi òun pé, "Ìrẹ̀, kí ni orúkọ orin yìí?"

Ohun tí àlọ́ mi kọ́ wa nìyí. Bí wọ́n bá fi ohun ọlọ́hun rán ọ, jẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe rán ọ. Òtítọ́ tí a sọ lẹ́yìn ọdún mẹ́rin sàn ju irọ́ lọ, ṣùgbọ́n kò lè la ojú tí ó ti fọ́. Mo ti gbé àlọ́ mi délé láìyí orúkọ ẹnikẹ́ni padà nínú rẹ̀. Bí mo bá yí i, kí ohùn mi wọ ihò bíi ti Ìrẹ̀. Bí n kò bá yí i, kí gbogbo yín bá mi gbè é, kí ẹ sì dìde, ó tó àkókò láti wọlé.